Ọwọ́ Funfun Lójú Fèrèsé

Ilé wa kò ju yàrá méjì lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin,
lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Họ́ngárì, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀
tí ènìyàn fi lè rí àlejò ọ̀la láti òní.
Bàbá mi, Ambrus, ló ń gbé igi dábùú ọ̀nà
kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin má baà kó sábẹ́ ọkọ̀ ojú irin.
Ìyá mi, Piroska, ló ń gbé ọbẹ̀ kaná.

Wọn kì í jà. Ẹ má ṣe rò pé wọ́n ń jà.
Ìjà a máa fẹ́ ẹnu; ilé wa kò ní ẹnu.
“Iyọ̀ dà?”
“Iyọ̀ rèé.”
Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á gbé ìyẹn gan-an mì,
bàbá mi á jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀,
á nu ṣíbí rẹ̀, á dìde.

Alápatà a máa fi ìwé ìròyìn àtijọ́ di ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ fún wa.
Inú rẹ̀ ni ìyá mi ti ń ka ìtàn kéékèèké:
aya dókítà tó ń wo ọ̀gá ológun láti ẹ̀yìn kọ́tìnì,
olùkọ́ tó kọ lẹ́tà ogójì sí obìnrin tí kò mọ̀ ọ́n rí.
Ọ̀rá ti mu ọ̀rọ̀ ibì kan, ọ̀bẹ ti gé ìparí lọ.
Ìyá mi ló ń parí wọn fúnra rẹ̀ nídìí ààrò,
ètè ń mì, ohùn kò jáde.
Kò sí èyí tó parí síbi iyọ̀.

Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́
ọkọ̀ ìfìwéránṣẹ́ á rọra kọjá.
Ọkùnrin kan wà lójú fèrèsé kẹta,
ọwọ́ rẹ̀ funfun, ó ń juwọ́.
Ó juwọ́ lọ́jọ́ òjò, ó juwọ́ lọ́jọ́ eruku,
ìyá mi náà juwọ́ padà
fún ọdún mẹ́sàn-án.
Ó ra rìbọ́nì aláwọ̀ ewé. Ó ní nítorí afẹ́fẹ́ ni.
Mo kéré, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kì í bèèrè rìbọ́nì.

Lọ́dún tí yìnyín bo ojú irin mọ́lẹ̀,
ọkọ̀ dúró gbagidi níwájú ilé wa.
Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀. Szilárd ni wọ́n ń pè é.
Ó kúrú, ó ń wúkọ́, etí rẹ̀ pọ́n bí ata.
Ó tọrọ omi gbígbóná fún ẹsẹ̀ rẹ̀.
Ìyá mi gbé e wá, pẹ̀lú rìbọ́nì lórí.
“Ẹ ò mọ̀ mí ni?”
Ó wò ó bí ẹni tó ń wá àdírẹ́sì lórí àpò lẹ́tà.
“Ẹ jọ̀wọ́, ìyá, n kì í rí ìta.
Eruku àti èémí wa ló máa ń bo dígí.
Ibí yìí ni ọkọ̀ ti máa ń rọra,
ibí ni mo ti máa ń fi àkísà nu fèrèsé mi.”

Ó ń nù ún. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń nù ún,
ohun tó sì nù kì í ṣe eruku nìkan.

Lóru ọjọ́ náà mo gbọ́ ohùn bàbá mi nínú òkùnkùn:
“Piroska. Kò sí òfin tó ní kí ọkọ̀ rọra níbí.”
Ó dákẹ́ pẹ́.
“Èmi ni mo máa ń na àsíá sí wọn.
Mo rí i pé o fẹ́ràn láti máa wò ó.”

N kò lè sọ fún yín pé ìyá mi yíjú sí i,
pé wọ́n di ara wọn mú. Ilé kékeré ni, ǹ bá gbọ́.
Bẹ́ẹ̀dì dún lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn sún mọ́ ògiri,
tàbí tó sún kúrò lára ògiri. N kò mọ̀ ọ́n títí dòní.

Nígbà tí yìnyín yọ́, ọkọ̀ sáré kọjá bí ìbọn.
Bàbá mi kò na àsíá. Ìyá mi ń fọ abọ́,
kò juwọ́; bóyá ó ti juwọ́ sílẹ̀.
Ó fi rìbọ́nì náà so ẹnu àpò iyọ̀,
ó gbé e sí àárín tábìlì gan-an,
níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í bèèrè rẹ̀ mọ́.